Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè kí ẹ tó gbàdúrà lé e

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí, ẹlòmíì á ní kí ló kan pásítọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìjókòó mọ́tò ni, àti kápẹ́ẹ̀tì inú mọ́tò. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí. Ó kan ọmọ yín, ó kan owó yín, ó sì kan àwa tí Ọlọ́run fi ṣe olórí.

Ẹ mọ bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wa, èyí tó máa ń kó àwọn ọmọdé wá láti ọ̀nà Ìgàndò ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Bọ́ọ̀sì yẹn ń rùn. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, ká dójú ti Èṣù. Ó tó oṣù 4 tó fi ń rùn. Kì í ṣe òórùn epo, kì í ṣe òórùn òógùn lásán. Ó dà bí òórùn aṣọ tí èèyàn fọ̀ tí kò sá, tó wá ká a jọ sínú ike fún ọjọ́ 3. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lówùúrọ̀, òórùn yẹn ló máa kọ́kọ́ kí yín kí dírẹ́bà tó kí yín.

Kí la ṣe sí i? A ra lọ́fínńdà. Èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ dígí iwájú, a so mẹ́ta. Èyí tí wọ́n máa ń fín, a fín in. Nígbà tí kò lọ, a ní bóyá ààtàn Solous ni, torí gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà LASU sí Ìbà kọjá ní Ìgàndò ló mọ bí atẹ́gùn ààtàn yẹn ṣe ń wọnú mọ́tò. A ní kí dírẹ́bà máa ti fèrèsé pa. Ńṣe ló tún burú sí i. Ìgbà yẹn làwọn kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ò ṣojú lásán, pé ẹni tó ta bọ́ọ̀sì náà fún wa lè ti fi nǹkan sí i. A gbàdúrà sí i. A ta òróró sí i. A ò fi àdúrà ṣeré o, a ṣì ń gbà á títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká parí ìtàn yìí ná.

Arábìnrin kan wà tó ń gbé lápá Ìgàndò. Kò ní dáa ká dárúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, ò wá sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àwọn olùkọ́ ọmọdé ní ìyá ọmọ náà ti tutù nínú ìgbàgbọ́. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. A tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣàpẹẹrẹ nínú ìwàásù, láì dárúkọ, pé àwọn kan wà tí òjò díẹ̀ ti ń dá dúró sílé. Nígbà tí àwa àti Ìyá Ìjọ wá lọ bẹ̀ wọ́n wò, arábìnrin náà kúnlẹ̀ kí wa, ó gbé omi wá, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ má bínú sà, Dádì. Ọmọ yìí ní ikọ́ fée. Tó bá fi máa wọ bọ́ọ̀sì yẹn dé ṣọ́ọ̀ṣì, àyà rẹ̀ á ti máa dún fín-ín fín-ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà la sì sùn sí ọsibítù."

A bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa. Ó ní, "Dádì, ta ni mo jẹ́ tí màá fi sọ pé bọ́ọ̀sì Ọlọ́run ń rùn?"

Ẹ̀yin ará, a ò lè mu omi tó gbé wá. Obìnrin tí à ń pè ní ẹni tó tutù, ọmọ rẹ̀ ló ń gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ wa.

A pe ìpàdé. Àbá mẹ́ta ló jáde. Ẹnì kan ní ká ra aṣọ ìjókòó tuntun bo gbogbo síìtì, ó ti bá wọn dúnàádúrà lọ́jà Ìkòtún, ₦180,000 ni. Ẹnì kejì ní lọ́fínńdà tí à ń rà ni kò dáa, òun mọ èyí tó lágbára. Ẹnì kẹta ní ká gba ààwẹ̀ ọjọ́ 3. Bàbá dírẹ́bà wa, tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé, wá nawọ́ sókè lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, Pásítọ̀. Ṣé ẹnì kankan ti wo abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yẹn rí?"

Gbogbo wa dákẹ́. Kò sẹ́ni tó wò ó rí.

Ní Sátidé, a gbé bọ́ọ̀sì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò lápá Ẹgbẹ́dá. Ọmọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà wo inú rẹ̀, ó ní òun á tú gbogbo síìtì, òun á ká kápẹ́ẹ̀tì, òun á fọ̀ ọ́, òun á sì sá a. Ó ní ₦60,000. Àwọn kan nínú wa pariwo. Wọ́n ní ṣebí ẹgbẹ̀rún mélòó kan ni wọ́n ń gbà láti fọ mọ́tò. A ní kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ohun tó jáde lábẹ́ síìtì, ẹ má rẹ́rìn-ín: bírò 11, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ẹyọ kan, ẹ̀pà, ṣinṣín, bébà sùúìtì, egungun ẹja, àti ₦50 tó ti jẹrà tí ọmọ kan gbọ́dọ̀ ti fi sílẹ̀ nínú owó ọrẹ. Ìyẹn ṣì kéré. Nígbà tí ọmọkùnrin náà fẹsẹ̀ tẹ kápẹ́ẹ̀tì ní iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, omi dúdú rú jáde. Orí kápẹ́ẹ̀tì yẹn gbẹ o! Ṣùgbọ́n fóòmù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti mumi yó bíi kànìnkànìn. Ó ká a sókè. Abẹ́ rẹ̀ ti bu. Ó funfun bíi búrẹ́dì tó bu, ibòmíì sì ti dúdú. Òórùn tó jáde níbẹ̀ lé àwa àgbàlagbà sẹ́yìn.

A bi í pé níbo ni omi ti wá. Ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, ó nawọ́ fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ní, "Dádì, ẹ wò ó, ibí ló ti wá." Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bó ṣe ṣàlàyé fún wa. Bí AC bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń làágùn, bí ìgò omi tútù ṣe ń làágùn lórí tábìlì. Omi yẹn ló yẹ kó gba rọ́bà kan jáde sílẹ̀. Òun lẹ máa ń rí tó ń kán tó-tó-tó lábẹ́ mọ́tò tó bá dúró pẹ̀lú AC. Eruku ti dí rọ́bà tiwa. Nígbà tí omi ò rí ọ̀nà jáde síta, inú mọ́tò ló ń kán sí, sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, lójoojúmọ́. Òjò náà tún ń gba etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, torí rọ́bà etí rẹ̀ ti gé. Bí a ṣe wá ní kí dírẹ́bà ti fèrèsé pa kó sì tan AC, ńṣe la ń bu omi kún un. Eruku ohun tó bu yẹn ni AC ń fẹ́ káàkiri, àwọn ọmọ sì ń fà á símú. Ẹni tó ní ikọ́ fée, irú eruku bẹ́ẹ̀ máa ń bí ikọ́ rẹ̀ nínú. Lọ́fínńdà tó lágbára náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ohun tí à ń pè ní ìtọ́jú, òun náà wà lára ohun tó ń pa ọmọ yẹn lára.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ìdí ẹ̀fọ́ la ò wò.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a ṣí Léfítíkù orí 14. Ọ̀pọ̀ wa kì í ka ibẹ̀, a máa ń fò ó ni. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti kọ́ àwọn àlùfáà ní ohun tí wọ́n máa ṣe bí àrùn ẹ̀tẹ̀ bá mú ògiri ilé. Ẹ wo iṣẹ́ tí Ọlọ́run gbé fún àlùfáà. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù inú ilé síta. Kí àlùfáà wọlé lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Kí ó ti ilé náà pa fún ọjọ́ 7, kí ó padà wá wò ó. Bí àrùn náà bá ti ràn, kí wọ́n yọ òkúta tó kó àrùn náà, kí wọ́n ha inú ilé yíká, kí wọ́n lọ da ohun tí wọ́n ha sí ẹ̀yìn ìlú, kí wọ́n fi òkúta mìíràn dípò. Tùràrí wà nínú àgọ́ nígbà yẹn o. Àlùfáà ní tùràrí lọ́wọ́. Ọlọ́run ò sọ pé kí wọ́n fi òórùn dídùn tùràrí bo ilé yẹn mọ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó ẹrù, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n ha á. Iṣẹ́ àlùfáà ni Ọlọ́run pè é.

Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ń bi ara yín bóyá Pásítọ̀ ti kúrò nínú ẹ̀mí, ìdáhùn wa nìyẹn. Àdúrà ò lòdì sí búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó gbàdúrà tí kò wo abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ńṣe ló ń ní kí Ọlọ́run wá bá òun fọ mọ́tò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Nǹkan kan tún wà. Ní ọdún 1901, ní London, ẹnjiníà kan wà tó ń jẹ́ Hubert Cecil Booth. Nígbà ayé rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń nu ìjókòó àti kápẹ́ẹ̀tì, ńṣe ló ń fẹ́ eruku kúrò. Eruku á gbéra níbí, á lọ bà sọ́hùn-ún. Booth ní kí ló dé tí a ò lè fà á wọlé dípò ká máa fẹ́ ẹ. Láti dán an wò, ó tẹ́ áńkáṣíìfù sórí àga nílé oúnjẹ kan, ó fi ẹnu fà á. Nígbà tó wo abẹ́ áńkáṣíìfù náà, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn. Àga tí àwọn èèyàn ń jókòó lé jẹun ni o, tó mọ́ lójú! Ibẹ̀ ni fákúùmù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ ṣe tóbi débi pé ẹṣin ló ń fà á. Wọ́n á dá a dúró sójú títì, wọ́n á ti páìpù gígùn gba ojú fèrèsé wọlé. Ní 1902, kí wọ́n tó dé Ọba Edward Keje ládé, ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n fi fa eruku kápẹ́ẹ̀tì inú Westminster Abbey. Inú ilé Ọlọ́run ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ ò sọ pé ilé Ọlọ́run kì í ní eruku.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ohun tí ọmọkùnrin yẹn kọ́ wa, kí ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò, kòròpé tàbí danfo lè rí i lò.

Àkọ́kọ́, ẹ wá ibi tí omi ń gbà wọlé kí ẹ tó fọ ohunkóhun. Ẹ tan AC fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ wo abẹ́ mọ́tò. Bí ó bá ti ń kán sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí kò kán mọ́, ẹ béèrè ibi tó ń lọ. Ẹ wo rọ́bà etí ilẹ̀kùn, ẹ wo etí dígí iwájú. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ láì dí ojú ibẹ̀, òjò kan péré ló máa dá yín padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìkejì, gbogbo nǹkan síta. Ẹ gbọn máàtì ẹsẹ̀. Ẹ fi fákúùmù fa eruku nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì gbẹ. Bí omi bá kan eruku, ẹrẹ̀ ló máa dà, ẹrẹ̀ yẹn á sì wọnú aṣọ síìtì lọ. Bí ẹ bá máa tú síìtì iwájú nínú mọ́tò ilé, ẹ ní kí mẹkáníìkì yọ orí bátìrì kó sì sinmi díẹ̀ kó tó fọwọ́ kan wáyà abẹ́ rẹ̀, torí wáyà airbag wà níbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fi sípánà ṣeré sí.

Ìkẹta, ìfófò ni kí ẹ fi fọ síìtì, ẹ má da omi lù ú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọ́n á gbé páìpù omi, wọ́n á fún un sínú mọ́tò bí ẹni ń bomi rin oko. Aṣọ orí síìtì á gbẹ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n fóòmù inú rẹ̀ lè má gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ po ọṣẹ sínú garawa, ẹ hó o dáadáa, ìfófò orí rẹ̀ ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tí kò le jù gbé. Ẹ fọ ibi kékeré lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi táwẹ̀lì gbígbẹ nù ún lójú ẹsẹ̀. Bí táwẹ̀lì bá dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìkẹrin, gbogbo àbàwọ́n kọ́ ló ń gba oògùn kan náà. Mílíìkì ọmọ àti ẹ̀jẹ̀, omi tútù ni. Omi gbígbóná máa ń mú kí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ ni. Epo pupa tó dà láti inú kúlà, ẹ kọ́kọ́ bu pọ́ńdà sí i kó fa epo náà, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ tó fi ọṣẹ tí ẹ fi ń fọ abọ́ fọ̀ ọ́. Ibi tí ọmọ bá bì sí, ẹ kó o kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wọ́n baking soda sí i mọ́jú, kí ẹ sì fà á kúrò láàárọ̀.

Ìkarùn-ún ló ṣe pàtàkì jù: gbígbẹ. Kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ láàárín ọjọ́ 1 sí 2, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á tún bu. Ẹ gbé wọn sóòrùn, ẹ ṣílẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ gbé e sábẹ́ ilé kí ẹ tan fáànù sí i. Fóòmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó bá ti bu dúdú, ẹ má ṣojú àánú sí i, ẹ jù ú nù, ẹ ra òmíràn. Léfítíkù ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí a bẹ̀ yín pé kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ má fi bílíìṣì, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Jik tàbí Hypo, fọ bẹ́líìtì síìtì. Ó máa ń sọ okùn rẹ̀ di ahẹrẹpẹ. Lójú, á mọ́, àmọ́ lọ́jọ́ tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, ó lè já. Ọṣẹ àti omi lásán ti tó o. Ẹ má sì da bílíìṣì pọ̀ mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn, pàápàá èyí tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá. Èéfín tó máa jáde lè pa èèyàn nínú mọ́tò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì.

Ẹ má fi pẹtiróòlù nu àbàwọ́n. Ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ má fín ọtapíápíá sínú mọ́tò nítorí aáyán. Arákùnrin kan tí a mọ̀ fín in sábẹ́ síìtì lálẹ́ Sátidé, ó tilẹ̀kùn pa. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó kó ìyàwó àti ọmọ sínú rẹ̀, ó tan AC. Wọn ò tíì dé Ìdímù tí ọmọ méjèèjì ti ń bì. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Dichlorvos ló wà nínú púpọ̀ lára àwọn oògùn yẹn, ó sì léwu débi pé ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, ti 100ml, fún gbogbo ayé. Aáyán ò ní í dúró sínú mọ́tò tí kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀. Ẹ gbá ṣinṣín yẹn kúrò, aáyán á kó lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ gbọ́ tiyín. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà ní 2005, tí Sandy jà ní 2012, tí Harvey jà ní 2017, omi bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fọ́. Àwọn kan máa ń gbọ̀n ọ́n, wọ́n á fín lọ́fínńdà sí i, wọ́n á tà á. Bí mọ́tò bá ń ta sánsán jù lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ rà á, ẹ fura. Ẹ fa bẹ́líìtì síìtì jáde tán pátápátá, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá omi ti fàlà sí i. Ẹ wo nọ́ọ̀tì abẹ́ síìtì bóyá ó ti dípẹtà. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì ibi tí táyà àpọ̀jù wà bóyá iyẹ̀pẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tà á ò ní bínú bí kò bá ní nǹkan tó ń fi pamọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún wa nípa àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò. A máa ń ná wọn bí ẹni ná tòmátì ní ọjà Ìkòtún, a sì máa ń fi ọ̀rọ̀ gún wọn lára. Ọmọkùnrin yẹn wà lórí orúnkún rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì wa láti aago 8 àárọ̀ títí di aago 5 ìrọ̀lẹ́. Ó wà nínú òórùn tí àwa ò lè dúró nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. A fún un ní ₦60,000 rẹ̀, a sì fi díẹ̀ lé e. Alàgbà kan bi wá pé kí ló dé. A ní ₦180,000 la fẹ́ fi bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó pariwo nígbà yẹn. Ó dákẹ́. Ẹ̀yin ará, kí ló dé tó fi máa ń rọrùn fún wa láti náwó lé ohun tí ojú ń rí ju ohun tó wà lábẹ́ lọ?

Ohun tí a ti pinnu nìyí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún la ó máa tú bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì. Lóṣù Kẹta, kí òjò tó dé, a ó yẹ rọ́bà àti ọ̀nà omi wò. Lóṣù Kọkànlá, tí òjò bá ti lọ, a ó ká kápẹ́ẹ̀tì, a ó fọ síìtì, a ó sá gbogbo rẹ̀. Owó tí a ti ń kó jọ fún àga tuntun orí pẹpẹ la máa fi bẹ̀rẹ̀. Àga tí à ń jókòó lé ò tíì wó. A sì bẹ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tó ní bọ́ọ̀sì ní Alímòṣọ́, àti àwọn ilé ìwé tó ń fi bọ́ọ̀sì kó ọmọ: ẹ má dúró dìgbà tí ìyá kan bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Ẹ lọ tẹ kápẹ́ẹ̀tì yín lẹ́sẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ wa, bí ẹ bá rí ohun tó ń rùn láàárín wa, bọ́ọ̀sì ni o, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni o, tàbí ìwà àwa tí à ń darí yín, ẹ sọ fún wa. Kì í ṣe àfojúdi. Àwa la kọ́ arábìnrin yẹn láti máa bẹ̀rù wa ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú ìjọ la ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣàpẹẹrẹ, ojú ìjọ náà la ti tọrọ àforíjì lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, láì dárúkọ rẹ̀. A sì ti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé.

Ọmọ náà wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ bá a wọ̀ ọ́, ó jókòó tì í, ó gbọ́wọ́ lé e láyà láti Ìgàndò dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àyà rẹ̀ ò dún. A ò sọ pé fífọ bọ́ọ̀sì ti wo ikọ́ fée sàn o. Ó ṣì ń lo oògùn tí dókítà fún un, kó má sì fi í sílẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé a ti mú ọwọ́ wa kúrò nínú ohun tó ń dà á láàmú.

Bọ́ọ̀sì wa ò ní lọ́fínńdà kankan nínú mọ́ báyìí. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹ ò ní gbọ́ òórùn kankan. Oòrùn ló lé òórùn lọ.

Kí Olúwa fún wa ní ojú tó ń wo abẹ́, kó sì fún wa lágbára láti fọ ohun tí a bá rí níbẹ̀. Kò ní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní orúkọ Jésù. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ní mọ́tò.